Ìyá tó kúnlẹ̀ fún màmá mi ní Kyoto

Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ gbé ọbẹ̀ fún màmá mi lónìí, màmá mi sì ní àwọn ò ní jẹ ẹ́.

Kyoto la wà. Mo gba lífù níbi iṣẹ́ ní Suitland, ní Amẹ́ríkà, kí n lè mú màmá mi wá wo Japan. Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ìlú ló gbé wa lọ sílé oúnjẹ àtijọ́ kan. A bọ́ bàtà, a jókòó sórí ẹní. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ ọ̀hún ló wá kúnlẹ̀ gbé ọbẹ̀ síwájú wa.

Màmá mi ní, "Bá mi bi wọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri bá wa béèrè. Méjìlélọ́gọ́rin! Wọ́n fi ọdún mẹ́jọ ju màmá mi lọ. Ni màmá mi náà bá kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ jókòó, iṣẹ́ wọn ni."

"Iṣẹ́ kì í sọ àgbà di ọmọdé. Ìwọ náà, kí lo jókòó ń wò?"

Mo kúnlẹ̀ kíá.

Màmá mi ní àwọn ò ní jẹ ọbẹ̀ yẹn àfi tí ìyá náà bá jókòó; ọmọbìnrin yẹn sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá jókòó tì wá, wọ́n bu tíì mu. Ìgbà yẹn ni màmá mi tó gbé abọ́ ọbẹ̀ sẹ́nu.

Ká sòótọ́, èmi ì bá ti jẹun tèmi lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa kúnlẹ̀ ni, àbí ẹ máa jẹun?