Gíláàsì Tó Fẹ́ Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta gbangba: ní àwọn ọdún 1990 tí mò ń wí yìí, kò sí obìnrin mìíràn ní gbogbo àdúgbò Mayfair nílùú Ifẹ̀ tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹyin lọ sọ́jà. Bí ó bá wà, kó jáde wá. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń sin adìẹ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì, òun ló sì ra píkọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ti gbó, ọ̀dà ti ń ṣí lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ kí gíláàsì rẹ̀ tó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, gíláàsì ọ̀hún sì dúdú kirikiri. Ta ló ní irú ẹ̀ nígbà yẹn? Bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, orí mi a máa wú.

Ilé bàbá ọkọ mi wà létí títì, níbi téèyàn ti ń yọ sí Enuwa. Láràárọ̀, Bàbá á ti gbé àga síwájú ilé. Ìyàwó ilé sì ni mí, mi ò gbọdọ̀ kọjá láìkí wọn. Bí mo bá ti débẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀ wìì, màá tẹrí ba lórí ìjókòó.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Ìyàwó, Ọlọ́run á bá ọ tà á."

Àdúrà yẹn ni mo fi ń wọ ọjà.

Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún kan, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Kó tó sọ̀ débi tí ojú mi á ti hàn, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ti ń fọn fèrè, "Màdáàmù, ẹ kúrò lọ́nà!" Mò ń tẹrí ba nínú lọ́hùn-ún, mò ń kí Bàbá tẹ̀rín-tẹ̀rín, ta ló rí mi lẹ́yìn gíláàsì dúdú? Mo gbìyànjú kí n ti ilé ṣí i sílẹ̀, eruku bò mí látòkè délẹ̀. Bí mo bá sì dé ọjà, mi ò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí gíláàsì yẹn tó gòkè tán, ẹyin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ á ti di òròmọdìẹ!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ mi ti ọ̀dọ̀ Bàbá dé, kò lè wò mí lójú.

"Bàbá ní mọ́tò ti ń gùn ọ́. Wọ́n ní o ń rí àwọn, o sì ń kọjá bí ẹni rí ewúrẹ́. Wọ́n ní ní ìpàdé ẹbí ọjọ́ Sátidé, kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ lójú gbogbo ẹbí."

"Kí ẹ gba kí ni? Ẹ ò sọ fún wọn pé gíláàsì ni?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ní ṣé gíláàsì ló dí ọ lẹ́nu ni."

Háà! Inú bí mi gidi. Iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀! Láìsí píkọ́ọ̀pù, ta ló máa gbé ẹyin mi dé ọjà láìfọ́? Wọ́n fẹ́ kí n padà wá jókòó sílé kí n máa wojú adìẹ.

Lọ́jọ́ kejì, a pe oníwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ti ń kùn nínú ìlẹ̀kùn, ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fa gíláàsì ti kú, Ìbàdàn la ti máa rí òmíràn. Ọkọ mi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

"Òkú wo ló ń kùn báyìí?" mo bi wọ́n. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Mo ṣíná ọkọ̀, mo tún bọ́tìnnì tẹ̀: kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe bátìrì nìyẹn. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú, mo ń tì í sókè bí ọkọ mi ti ń tẹ bọ́tìnnì. Ó sáré gòkè! Ẹ̀rọ lágbára, nǹkan kan ló dì í mú. Mo ti ìka bọ inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà kọjá. Ó jáde ní dúdú, ó ki bí ẹ̀kọ. Mo gbé e sí imú. Àdín ni!

"Dádì, ta ló fi àdín síbí?"

Ọkọ mi wolẹ̀. "Ọyẹ́ ló mú. Rọ́bà ń là wẹ́wẹ́ bí ètè ọmọdé. Mo ní kí n máa fi pa á lára."

Ẹ gbà mí o! Gbogbo ọjọ́ Sunday tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó ń dúró ti ọkọ̀, ó ń fi àdín pa á bí ọmọ tuntun! Eruku ọyẹ́ Ifẹ̀ wá rí ibi lẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, òun náà bá mi rín in.

Mo po ọṣẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo we àkísà mọ́ ọwọ́ ṣíbí, mo ń fọ inú rọ́bà náà títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Oòrùn mú un gbẹ. Oníwáyà ní ká fi gíríìsì díẹ̀ sí i. "Gíríìsì kẹ̀? Ṣé ẹ tún fẹ́ pa á lára ni?" Pọ́dà ọmọ mi ni mo bù sínú rọ́bà. Mo tẹ bọ́tìnnì. Wìì! Mo ṣe ìlẹ̀kùn kejì bákan náà. Mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò jáde. Èmi ni mo ṣe é, mo sì ń sọ ọ́ títí di òní.

Ọkọ mi fẹ́ sáré lọ ṣàlàyé fún Bàbá. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ní Sátidé, títì ṣì dá nígbà tí mo dúró síwájú ilé wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"O ti rí ẹnu lónìí," Bàbá wí.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀, kí n gbé yín lọ ìpàdé."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n dijú mọ́rí. Mo gbé gíláàsì sókè, mi ò sì tíì wa ọkọ̀ kúrò. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ń kọjá lọ. Bàbá juwọ́ sí i, wọ́n kí i tayọ̀tayọ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀hún wo ọkọ̀ wa fìrí, ó gba ibi tó ń lọ lọ.

"Kò dá mi lóhùn," Bàbá wí. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ṣé báyìí lo ṣe ń kí mi?"

"Báyìí ni, Bàbá mi. Lójoojúmọ́."

Mo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n. Láti Enuwa dé Oke-Ogbo tí ìpàdé wà, Bàbá ò jẹ́ kí gíláàsì náà sinmi. Gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ kí: "Ìyàwó mi ló ń wà mí o!"

Nígbà tí ìpàdé ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin rán wọn létí pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ńlẹ̀. Bàbá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó wí.

"Ta ló wá fẹ́ gbé mi padà sílé?"