Àpótí Ẹja Tó Sán Nídìí

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Àárọ̀ Sátidé kan ni, mò ń gbálẹ̀ níwájú fúláàtì wa ní Ìlàsán, tí òórùn omi kíkan gba ojú ọ̀nà wọlé, bíi ti inú ọkọ̀ apẹja tí wọn ò tíì fọ̀. Bàbá mi, tí wọ́n ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan, ni wọ́n ra àpótí ẹja bọ̀ láti Ajah. Rọ́bà líle ni, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó sì gùn tó ibùsùn ọmọ ọwọ́. Àlòkù ni, ó sì ti sán nídìí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pé láyé ìgbà yẹn, inú ọbẹ̀ ni ẹja ń lọ. Ta ló ń sin ín ní pálọ̀? Ṣùgbọ́n bàbá mi ní bí a bá tún àpótí náà ṣe, àwọn á ra ẹja pupa méjì, èmi Bísí ni màá sì sọ wọ́n lórúkọ. Háà! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Màmá mi kò bá wa yọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹyin, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ jù ú sómi wò. Wọ́n yí àpótí náà po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá Bísí, kí ló dé tí ẹni tó ni ín ò tún un ṣe?"

Bàbá mi ní onítọ̀hún ń kó lọ sílùú rẹ̀ ni.

"Ẹn-ẹ́n. Gbogbo wọn náà ló máa ń kó lọ."

Ibi kan ṣoṣo tí àyè wà fún un ni orí tábìlì pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí Wálé, àbúrò mi tí kò tíì máa rìn, ń sùn sí. Bàbá mi pe Bọ̀dá Mùráínà, tó ń fi rọ́bà ṣe pátákó ìpolówó lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tó sán, ó ní òkè lásán ni, gọ́ọ̀mù á dí i.

"Ṣé ẹ lè tẹ́ ọmọ tiyín sábẹ́ ẹ̀?" ni màmá mi bi í.

"Ìyá, ẹ ti ń fura jù."

"Ìfura loògùn àgbà."

Màmá mi wá ní kí a pọn omi kún un lẹ́yìn ilé, kí ó wà níbẹ̀ di àárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n fi èédú fa ìlà sára rẹ̀ níbi tí omi dé, wọ́n fi páànù bò ó. Bí omi bá fà, ààtàn ló ń lọ. Bí kò bá fà, kí Bọ̀dá wá tún un ṣe. Wọn ò fọkàn tán ọmọ aládùúgbò kankan, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, mo ṣí páànù. Omi ti fi ìka kan lọ sílẹ̀. Iyanrìn Ìlàsán, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ti mu gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí ojú lè rí. Mo bu omi kún un títí ó fi kan ojú èédú. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àti ní Mọ́ńdè kí wọ́n tó jáde.

Màmá mi wo èédú náà títí. "Ẹ pe Bọ̀dá. Mo kàn ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ ni." Wọ́n kọjú sí mi. "Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, mà."

Wọ́n gbà mí gbọ́.

Bàbá mi da omi rẹ̀ nù, wọ́n gbé e sórí tábìlì de Bọ̀dá. Màmá mi tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ Wálé sí i. Ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àpótí náà. Mo bú sẹ́kún.

"Ó ń jò, mà. Èmi ni mò ń bu omi kún un."

Wọ́n gbé Wálé nílẹ̀ wéré. Mò ń retí ìgbátí, wọn ò gbá mi. Wọ́n kàn wò mí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èmi náà wọlé bí àpótí yẹn ni. Bàbá mi ru àpótí náà lọ sí ààtàn.

Ẹja méjì ni mo rò pé mo pàdánù nígbà yẹn. Ọmọdé ò mọ nǹkan. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, èmi náà ti bímọ. Nígbà àìsàn tó gbẹ̀yìn màmá mi, èmi ni mò ń fún wọn lóògùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bi mí bóyá àwọn ti lo ti àárọ̀. Mo ní, "Ẹ ti lò ó, mà." Wọ́n ní kí n gbé ike rẹ̀ wá. Wọ́n dà á sórí aṣọ, wọ́n ń fi ìka ka hóró tó kù. Mi ò bínú. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi kà á tán.