Orúkọ Mísbáù Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀ léèrè ohun tó ń pa tẹlifíṣọ̀n ńlá ẹnu géètì wọn, wọn á ní òkú ni. Òkú wo? Mísbáù ni!

Fàthíà ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sójú tẹlifíṣọ̀n náà. Bí aago méjì bá ti lù, tí ṣíìfù ọ̀sán ń wọlé, orúkọ wọn á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kì í yọ tán. Tẹlifíṣọ̀n á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn biribiri. Ṣíìfù ọ̀sán sì ni Mísbáù wà kí ibà tó mú un lọ.

Mísbáù yìí, ẹ̀gbọ́n Fàthíà ni, ọmọ ìyá kan náà. Mísbáù ló mú Fàthíà wọ ibi iṣẹ́ yẹn. Àwọn obìnrin tó ń di ike ò gba abẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọjá mọ́. Bàbá Àjàmú tó ń ṣọ́ géètì ti gbé àga rẹ̀ sá lọ sí ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ Ajé, máníjà pe Fàthíà. Ó ní bí tẹlifíṣọ̀n náà bá tún kú ní Ọjọ́rú, àwọn á tú u palẹ̀, kí Fàthíà náà wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Fàthíà ní òkú kankan ò sí nínú wáyà. Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀ o! Bó bá dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n náà láago méjì, orí rẹ̀ á wú. Bó bá délé ní Ṣógúnlé, sálúbàtà Mísbáù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Á fò ó kọjá, kò ní wò ó. Ó pààrọ̀ wáyà, ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, ó pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Pàbó ló já sí.

Ní Ọjọ́rú, aago kan ti kọjá nígbà tó jókòó lẹ́nu géètì ka àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kó tó dákú. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló là á yé e. Orúkọ kan ni kọ̀ǹpútà fẹ́ yà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ní kó yà á sí ti kọjá etí tẹlifíṣọ̀n, ó jìnnà réré sápá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà wá ibẹ̀ títí, kò rí i, ó ṣubú. Orúkọ wo? Mísbáù Ọlátúbọ̀sún.

Ta ló gbé e síbẹ̀?

Áà! Òun Fàthíà fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, máníjà ní kó yọ orúkọ náà kúrò. Ìka rẹ̀ ò gbà. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́? Ló bá rọra tì í kọjá etí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o. Kò wò ó mọ́. Kò sì sunkún.

Kíá, ó tún ètò náà ṣe: ohunkóhun tó bá ti kọjá etí, kí kọ̀ǹpútà má yà á, kó fò ó. Aago méjì lù. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n yọ tán, tẹlifíṣọ̀n ò kú. Àwọn obìnrin ké pé, "Alhamdulilahi!" Máníjà gan-an rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Fàthíà ò dìde. Ó ń rò ó pé láti òní lọ, láago méjì ojoojúmọ́, kọ̀ǹpútà á dé ọ̀dọ̀ Mísbáù, á rí i, á fò ó. Bí òun náà ṣe ń ṣe sí sálúbàtà nìyẹn. Ó dùn ún wọ eegun.

Ló bá fa orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wọlé, ó gbé e sí àárín gbùngbùn.

Bàbá Àjàmú ṣí fìlà. "Mísbáù, sùn un re o." Ó wá yíjú sí Fàthíà. "Ọmọ mi, jẹ́ kó máa lọ."

"Ẹ ṣé, bàbá."

Fàthíà tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́, orúkọ náà lọ. Tẹlifíṣọ̀n ò ṣẹ́jú. Fàthíà ló bú sẹ́kún, ẹkún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń pe "Bọ̀dá mi, bọ̀dá mi," lójú gbogbo ṣíìfù ọ̀sán.