Omi Tí Mo Tì Mọ́nú Àpótí

Òórùn fánííṣì àti òórùn láfún ni mo fi ń rántí ilé yẹn ní Lotto, ní Mowe. Fánííṣì jẹ́ tèmi, torí káfíńtà ni mí, abẹ́ igi káṣú inú àgbàlá ni mo ti ń kun bẹ́ẹ̀dì àti àga. Láfún jẹ́ ti màmá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, opó kan tó wá láti Ifọ̀, tó máa ń sá ẹ̀gẹ́ rírẹ sórí kọnkéré títí á fi funfun. Àsìkò yẹn ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká, tí ẹni tó bá ní in á máa pariwo sí i kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Èmi ò tíì ní. Ìwé mẹ́fà ni mo kà lọ́dọ̀ wa l'Ọ́ṣun kí n tó kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ni ìyá mi sì dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀: "Ìlú tí wọn ò ti mọ bàbá ẹ, ṣọ́ ẹnu ẹ níbẹ̀."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kan àpótí kan, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu mi sínú rẹ̀, mo fi àgádágodo tì í, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn. Èmi fúnra mi ni mò ń fa omi náà nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́kadà tó wà ní yàrá kẹta, tó jẹ́ pé omi inú ọ̀rá ló máa ń rà mu, kì í yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Káfíńtà, ṣé wúrà lo pọn ni?"

Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé fánííṣì mi lọ sórí láfún màmá. Wọ́n ní, "Ṣé oúnjẹ tèmi náà lo fẹ́ sọ di àga ni?" Mo fún wọn lésì tí ọmọ kì í fún àgbà. Ọjọ́ méjì la ò fi kíra. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, abọ́ ìrẹsì Ọ̀fàdà ló wà lọ́wọ́ wọn, ata rẹ̀ ń ta sánsán pẹ̀lú irú. "Jẹun, káfíńtà. Ìjà ò dọlà." Wọ́n dúró títí mo fi fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, kí wọ́n tó yí padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti lọ sẹ́yìnkùlé mọ́. Omi lásán tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ló ń jáde lára mi, èébì ń tẹ̀ lé e, iṣan ẹsẹ̀ mi ń fà, ojú mi ti kó wọnú. Ọlọ́kadà wọlé, ó fọwọ́ bomú.

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì màmá."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tí ò kí ẹ fún ọjọ́ méjì gbé ìrẹsì wá, o wá jẹ ẹ́ tán. O ṣe dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju àìsàn náà lọ. Mo rántí bí wọ́n ṣe dúró wò mí. Kí ni wọ́n ń wò? Lónìí, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá ṣe ń wo ẹni tó ń jẹ oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó ṣe, màmá dé pẹ̀lú ìgò kan. "Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni. Mo ti sè é, ó ti tutù. Mu ún, ara ẹ ti ń gbẹ."

Mo kọjú sí ògiri. "Mi ò mu."

"O fẹ́ kú ni?"

Mo tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo nà án sí wọn. "Omi tèmi ni kẹ́ ẹ fi pò ó. Níbí, lójú mi."

"Jẹ́ n gbé e lọ sè, ó kéré tán."

"Ẹ má sè é."

Tí wọ́n bá gbé e dé ìdí sítóòfù wọn, mi ò ní rí ọwọ́ wọn mọ́, ohun tí mò ń rò nìyẹn. Wọ́n wò mí pẹ́. Ó yé wọn. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bu omi, wọ́n wọn iyọ̀ àti ṣúgà sí i, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n wá gbé ife náà sẹ́nu ara wọn, wọ́n mu ún dáadáa kí wọ́n tó nà án sí mi. "Ó yá, gbà."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Wọ́n á kọ́kọ́ mu, èmi á máa ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun wọn bóyá ó lọ lóòótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé yẹn, wọn ò mu omi kànga náà láìsè rí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọn ò wá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti sá lọ. Ọlọ́kadà ló bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá wọn, wọn ò lè dìde, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gbé àwa méjèèjì sórí ọ̀kadà rẹ̀, màmá láàárín, èmi lẹ́yìn, mo fi apá tí ò lágbára gbá wọn mú títí a fi dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ibafo.

Nọ́ọ̀sì fi omi sí wa lára, ó ní, "Kí lẹ jọ jẹ?"

Mo ní ìrẹsì ni.

"Ta ló tún jẹ níbẹ̀?"

Ọlọ́kadà họ orí. "Wọ́n fún èmi náà."

Mo yíjú sí i. "O ò sì sọ?"

"Mo rò pé tìẹ ni wọ́n dá ṣe lọ́tọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Omi wo wá lẹ ń mu?" Ọwọ́ mi ti lọ síbi kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi fúnra rẹ̀.

Wolé-wolé dé ilé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri wa ti gbẹ́ ṣaláńgá tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan kànga wa.

Ara àwa méjèèjì yá, tèmi ló tètè yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó dìgbà yẹn, pé màmá fi nǹkan sóúnjẹ káfíńtà. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń gbé àpótí ìjókòó wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá. Ẹnu mi ló yẹ kó pa ọ̀rọ̀ yẹn, ìtìjú ò jẹ́ kí n là á. Oṣù yẹn ò parí tí màmá fi kó ẹrù wọn. Mo bá wọn gbé e dé títì. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ò ju "Ẹ ṣé, màmá" lọ.

Ó gbà mí lọ́dún mẹ́rin kí n tó lọ sí Ifọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo rò sí wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn ò dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró.

"Mo mọ̀ nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí n máa bínú, kí ọmọ ọlọ́mọ máa kú lọ? Dìde, erùpẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo ti rò ó títí. Gbogbo ayé ni mò ń ṣọ́ ní Lotto, àfi ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà, tí mo sì fọwọ́ ara mi tì mọ́lé. Ẹni tí mò ń sá fún ló gbé ikú mi sẹ́nu kó tó kàn mí.

Lọ́jọ́ yẹn ní Ifọ̀, màmá wọlé, wọ́n bu omi wá. Wọ́n mu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan, wọ́n wá nà án sí mi. Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì mu ún tán. Mi ò béèrè bóyá wọ́n sè é.