Ayàwòrán Ilẹ̀ Ẹ̀yìn-Ìkùukùu

Ní Ìlárá Rẹ́mọ, ẹni tó bá béèrè Bàbá Akínkúnmi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn ni wọn yóò gbé e lọ. Nídìí fèrèsé yẹn ni bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin náà ń jókòó sí láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ya máàpù fún àwọn awọnlẹ̀ ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó rò pé ó parí, àfi ìgbà tí Moyọ̀sọ́lá, olùkọ́ kan ní Ìsarà tí ń kọ ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọdé, gbé ìwé rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ilẹ̀ kan tí ó pè ní Ẹ̀yìn-Ìkùukùu ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń jọba, tí odò sì ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rí máàpù tí wọn yóò máa fi ìka tọ̀ bí wọ́n ti ń kàwé.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá ó tọ́ kí ènìyàn máa ya ilẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá kò dá. Bàbá fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ìlú bàbá inú òwe Jésù tó sáré lọ pàdé ọmọ rẹ̀ onínàákúnàá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ọ̀nà ibẹ̀ dé ilé.

Kì í fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ó ka ìwé náà láti páálí dé páálí, ó kọ gbogbo ìrìn àjò inú rẹ̀ sílẹ̀, iye ọjọ́ tí ó gbà, àti apá ibi tí oòrùn ti ń là. Ó ní omi kì í gun òkè nítorí pé ìtàn dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí àléébù kan. Ní orí kẹta, àwọn ọmọ ogun fi ọjọ́ mẹ́ta rìn láti Etídò, ìlú kan létí odò, dé orísun tó wà lẹ́yìn òkè. Ní orí kẹsàn-án, Fikáyọ̀, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, jáde ní Etídò ní àárọ̀, ó bu omi ìwòsàn ní orísun yẹn, ó sì padà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ṣàìsàn kí oòrùn tó wọ̀.

Moyọ̀sọ́lá rẹ́rìn-ín nígbà tí Bàbá fi hàn án. Ó ní bóyá ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ogun náà. Bàbá ní bí wọ́n tilẹ̀ ya ọ̀lẹ, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní ìyẹ́.

“Ẹ kàn bá mi sún òkè náà sún mọ́ odò, Bàbá. Ìbú ìka kan ti tó.”

Bàbá ní òun kò ní sún un.

“Ṣé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀ ni?”

Bàbá gbé kálámù sílẹ̀. “Ohun tí ọ̀gá mi sọ gan-an nìyẹn,” ni ó wí.

Ó wá sọ fún un. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí ó sún ààlà kan ní ìbú ìka kan lórí ìwé, nítorí ọ̀rẹ́ kan tó ń wá ilẹ̀. Ọ̀gá náà ní igbó lásán ni, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Akínkúnmi mọ̀ pé kì í ṣe igbó. Ó ti tẹ̀ lé àwọn awọnlẹ̀ dé ibẹ̀ rí, opó kan tí ń jẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù sì ti bu omi fún wọn mu lábẹ́ igi obì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ mẹ́ta nílé, ẹ̀rù sì bà á kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sún un. Éékà méjì ni ìka kan yẹn lórí ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, opó náà mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá náà mú máàpù wá, máàpù ló sì borí.

Nígbà gbogbo tí a bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìsìn, Bàbá máa ń jẹ́wọ́ èyí pẹ̀lú wa nínú ọkàn rẹ̀. Kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ létí ẹni tó ni ilẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá kò bá a jiyàn mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó mú orí kẹsàn-án tuntun wá: Fikáyọ̀ wá ń sùn lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì ń ṣọ́ ìyá àgbà títí yóò fi dé. Ó yẹ kí inú Bàbá dùn. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun ti gbèjà òkè tí kò sí, òun kò sì tíì sọ ohunkóhun nítorí oko tó wà.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, níbi tí oko náà wà. Lójú ọ̀nà, ó ń rántí agbowó-òde inú Bíbélì tó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, tó sì ṣèlérí láti san ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Òun kò ní ilẹ̀ tí òun lè dá padà. Ilé ti bo oko náà. Nígbà tí ó béèrè, wọ́n ní Wúlẹ̀mọ̀tù pàápàá ti kú, ṣùgbọ́n Hàmdálátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ránṣọ ní àdúgbò Òfin.

Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe àwáwí. Hàmdálátù kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Bàbá ní bí wọ́n bá fẹ́ padà sí kóòtù, òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀, òun yóò sì fọwọ́ sí i.

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé, Bàbá,” ni ó wí. “Ìyá mi ń retí ẹnikẹ́ni nínú yín títí wọ́n fi kú.”

 Bàbá dìde láti máa lọ, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní kí ó jókòó. Ó ní ti kóòtù, òun yóò bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun sọ ọ́, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló ń sùn nínú àwọn ilé yẹn báyìí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí Bàbá kò retí.

“Ṣé ẹ ṣì rántí bí oko náà ṣe rí? Àwọn ọmọ mi rò pé àlọ́ ni mo ń pa fún wọn.”

Bàbá ní òun rántí. Hàmdálátù palẹ̀ aṣọ mọ́ lórí tábìlì, ó sì tẹ́ bébà fífẹ̀ tí ó fi ń gé aṣọ síwájú rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ibi odò kékeré. Níbi tí ó bá ti gbàgbé, obìnrin náà a fi ìka tọ́ka sí i: ahéré nìyí, ibi tí a ń sá obì sí nìyí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Hàmdálátù lọ kírun. Kí ó tó padà, Bàbá ti kọ orúkọ Wúlẹ̀mọ̀tù sí àárín oko náà, níbi tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ti máa ń kọ orúkọ onílẹ̀.

Hàmdálátù fi ìka tọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó sì pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé wá wò ó.