Ọ̀bẹ Tí Mo Fi Sílé

Òní tí mo fi ọ̀bẹ àpò mi sílé ni àgbò kan kú lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú ọ̀bẹ náà bọ̀ láti ogun Bọ́má, ó mú bí abẹ. Mi ò fẹ́ kó ya àpò ṣòkòtò tuntun mi.

Bí lọ́rì wa ṣe dé Kọ́bapẹ́, àgbò bàbá onílàwàní kan tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rọ̀ dirodiro, okùn sì fún un lọ́rùn.

Bàbá ní, "Ta ló lọ́bẹ? Ẹ bá mi gé okùn yìí."

Kò sẹ́ni tó ní. Èmi àti bàbá ń fọwọ́ tú okùn títí àgbò fi kú.

Bàbá wá ní, "Ìkómọ ọmọ ọmọ mi ni mo rà á fún. A kì í jẹ òkú ẹran. Ẹ ṣé o, ẹ gbìyànjú."

Mi ò lè sọ fún bàbá pé mo lọ́bẹ nílé. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá sọ?