Apẹ̀rẹ̀ Obì àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé

Ní gbogbo Ṣàgámù, láti Ìbídò títí dé ibi tí ọkọ̀ ti ń yà sí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó lè sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín bíi tèmi. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọdún méjì péré ni mo lò ní yunifásítì kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Físíìsì ni mo lọ kọ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí olùkọ́ fi ń kí mi bí ẹni ń kí onílé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ayé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti mọ̀ ọ́n, lórí fóònù, nígbà táwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì. Mo ń wo bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ títí ilé ìwé fi parí mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ sí ìsọ̀ Alhaja. Ó ti pẹ́ tí Alhaja yìí ti ń ta obì gbàǹja, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ará Kánò ti ń rà á ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀.

"Alhaja, ẹ dákun, ẹ bá mi gbà á. Tí ẹ ò bá gbà á, ilé iṣẹ́ irin ní Ògíjó ló kù, ẹ ṣáà wo ọrùn ẹ̀."

Alhaja wo ọrùn mi dáadáa. Kì í ṣe ọrùn tí èèyàn ń gbé irin lé. Ó ní, "Kó wá jókòó."

Ìdí obì bíbó ni mo jókòó sí, láàárín ìyá méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà ọmọ Ìbídò, eyín ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ìkejì jẹ́ ìyá ìjọ tó máa ń fi orin ìsìn bó obì. Wọ́n á ti rẹ obì sómi, àwa á máa bó awọ funfun ara ẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi lọ sílé. Ọwọ́ mi pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ẹ̀yìn ń ro mí bíi ti ẹni tó ti lọ́mọ-ọmọ. Àárọ̀ ni wọ́n sọ pé ara máa ń le, èmi, ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó jí.

Ẹnu ni mo wá fi ń sinmi. Mo sọ fún wọn pé àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ní ẹyin ńlá kan ló kọ́kọ́ wà, òmìrán kan ń sùn nínú ẹ̀, ìgbà tó jí ló la ẹyin sí méjì, ó fi orí ti apá kan sókè, ìyẹn di sánmà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ apá kejì mọ́lẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Èétirí? Ta ló yé ẹyin ọ̀hún?"

Mo sáré bọ́ sí Bábílónì, níbi tí òrìṣà kan ti la abo ẹranko òkun sí méjì bí ẹni ń la ẹja tó fẹ́ sá sóòrùn, tó fi apá kan bo ayé lórí. Ìyá ìjọ pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ó sì ju obì tó ń bó sílẹ̀. Mo sọ tàwọn ará Gíríìkì, bí ọ̀kan ṣe ní inú omi ni ohun gbogbo ti wá, tí ìkejì ní irọ́ ni, atẹ́gùn ni, tí ẹ̀kẹta ní iná ni. Ìyá àgbà bi mí bóyá àwọn yẹn ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Òun náà sọ tiwa, ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ láti ọ̀run, yẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun, àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan yẹ̀pẹ̀ náà ká orí omi. Ó ní, "Tiwa dáa. Adìyẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò jókòó máa sọ̀rọ̀."

Ìgbà tí mo dé orí tàwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní, mo ní ohun gbogbo wà lójú kan, ó há, ó gbóná, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó sì ń fẹ̀ lọ títí dòní, àti pé fadá kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Inú ìyá ìjọ dùn sí fadá. Ìyá àgbà ní, "Kó tó máa fẹ̀, kí ló wà níbẹ̀?"

Mo fa ọrùn mi tín-ín-rín yìí gùn. "A ò tíì mọ̀, mà."

Alhaja gbójú sókè láti ìdí apẹ̀rẹ̀. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ lọ ń kọ́ nìyẹn? Ọlọ́run ní kó jẹ́, ó jẹ́. Bó obì ẹ."

Ṣé ẹ rí i, mi ò sọ tòótọ́ bí mo ṣe kúrò ní yunifásítì fún wọn. Ẹni tí ò lè sọ bí tiẹ̀ ṣe parí, bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ ló kù tó lè máa sọ.

Nígbà tó tó oṣù mẹ́rin, Alhaja fa apẹ̀rẹ̀ obì ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Obì tuntun máa ń làágùn. Tí wọ́n bá ti fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí i lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kó tú u kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ, kó sì pààrọ̀ ewé. Alhaja ní, "Tí ọkùnrin Kánò bá gbà á lọ́wọ́ ẹ, o ti kúrò nídìí obì bíbó nìyẹn. Wàá máa di apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi." Mo fẹ́ ẹ débi pé mo lá àlá ẹ̀. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọjọ́ tó kù, ìtàn ni mo ń wá lórí fóònù kí n lè rí nǹkan sọ lọ́jọ́ kejì, mo sì ń sọ fún ara mi pé bó bá dọ̀la.

Ọ̀la náà ni ọkùnrin Kánò dé, àgbàlagbà tó mọ obì ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló ń tọ́jú obì òun. Mo dìde, mo gbọ́wọ́ lé apẹ̀rẹ̀ mi.

"Bàbá, gbogbo ìràwọ̀, gbogbo òkun, Kánò, Ṣàgámù, gbogbo ẹ̀ há pọ̀, ó gbóná, bí inú apẹ̀rẹ̀ yìí gan-an!" Mo fa ewé orí ẹ̀ ya.

Ooru rú jáde lù mí lójú. Òórùn tẹ̀lé e. Bàbá náà rọra dìde, ó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó yọ obì dúdú kan tó ń yọ̀, ó gbé e síwájú mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "òótọ́ lo sọ. Ó gbóná."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi sọkún. Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tìrẹ ti ba tinú apẹ̀rẹ̀ jẹ́." Ó fọwọ́ tọ́ka sí ìdí obì bíbó tí mo ti dìde.

Ọdún méjì rèé. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, mo sì ti wò títí, mi ò rí kòkòrò mìíràn nínú tèmi ju èmi lọ. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ò gbé e mọ́, kò wá sí ìsọ̀ mọ́. Ààyè ẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì sọ ìtàn kankan fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti lọ. Mò ń bó obì. Awọ funfun á jábọ́, òmíràn á tẹ̀lé e. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹnì kan ṣáà jókòó, kó máa ṣe iṣẹ́ kékeré kan lọ láìsọ̀rọ̀, bí adìyẹ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaja ń di apẹ̀rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ máa tún fún mi ní apẹ̀rẹ̀?"

Ó fa okùn le, ó so ó, kò gbójú sókè.

"A ò tíì mọ̀."